Ilẹ̀-Ìgbìn Ni, Kì í Ṣe Oúnjẹ: Èrò lórí Ìperí fún Gbígbin Kòkòrò Àrùn

Yorùbá ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìlànà yìí kò yọ ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sílẹ̀. Bí ohun àjèjì bá wọ inú èdè, iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó fún un ní orúkọ. Bí a kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ náà yóò máa tan ẹni tí ó bá gbọ́ ọ jẹ. Ọ̀kan nínú irú àwọn ohun bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ nípa bakitéríà máa ń sè, tí wọ́n máa ń dà sínú àwo, tí wọ́n sì máa ń gbin kòkòrò àrùn sórí rẹ̀ kí wọ́n lè mọ irú kòkòrò tí ó ń da aláìsàn láàmú. Olúkúlùkù olùkọ́ àti olùtumọ̀ ni ó ń pè é ní orúkọ tí ó bá wá sí i lẹ́nu. Àbá tí ó wà nílẹ̀ níhìn-ín ni pé ilẹ̀-ìgbìn ni orúkọ tí ó tọ́ sí i, pé gbìn ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́ sí iṣẹ́ náà, àti pé hù ni ó tọ́ sí èsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ èdè. Ó kan ìlera àwọn ará ìlú, pàápàá ní àdúgbò tí èrò pọ̀ sí bí Okota ní Èkó.

Gbólóhùn Kan fún Àyẹ̀wò Méjì

Okota wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni, ṣùgbọ́n Yorùbá láti ìlú gbogbo, Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó ń bá ara wọn gbé ibẹ̀ lónìí. Bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, ilé àyẹ̀wò kéékèèké tí kì í ṣe ti ìjọba kò wọ́n níbẹ̀. Bí ibà bá mú ènìyàn tí kò sì tètè lọ, ibẹ̀ ni yóò gbà lọ. Ìwé èsì tí wọn yóò fún un yóò jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n bí aláìsàn náà bá jẹ́ ìyá àgbà tàbí ọlọ́jà tí kò ka Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorùbá ni wọn yóò ti ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Gbólóhùn kan ni a sábà máa ń gbọ́: "Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, Mà." Ìyá yóò dúpẹ́, yóò ra oògùn, yóò sì máa lọ sílé.

Gbólóhùn yìí kò sọ bí wọ́n ṣe rí táífọ́ọ̀dù náà, èyí tí Yorùbá ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà wá a kò sì jẹ́ ọ̀kan. Ọ̀nà kìíní ni èyí tí a fi orúkọ Georges Fernand Widal, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, pè, tí ó gbé jáde ní ọdún 1896. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, wọn yóò mú omi tí ó dá lójú ẹ̀jẹ̀ náà, wọn yóò kán òkú kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun sí i, wọn yóò sì wò ó bóyá yóò dì pọ̀. Bí ó bá dì pọ̀, ohun tí ó fi hàn ni pé àwọn ọmọ-ogun ara tí wọ́n mọ kòkòrò náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà. Kò fi hàn pé kòkòrò fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí àìsàn náà ti ṣe rí, ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, àní ẹni tí kòkòrò mìíràn tí ó jọ ọ́ ti bá jà, irú ọmọ-ogun bẹ́ẹ̀ lè wà lára rẹ̀. Bí a bá rí ṣọ́jà nínú ìlú, kò túmọ̀ sí pé ogun ń lọ lọ́wọ́. Ogun náà lè ti parí láti ọdún mélòó kan. Ní ìlú tí àrùn yìí ti wọ́pọ̀, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò ka àyẹ̀wò Widal kan ṣoṣo sí ẹ̀rí tí ó tó.

Ọ̀nà kejì ni pé kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tí ó pọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, kí wọ́n fi í sí ibi tí kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun lè dàgbà sí, kí wọ́n sì dúró dè é fún ọjọ́ díẹ̀. Bí kòkòrò bá wà níbẹ̀ láàyè, yóò bí sí i, yóò rẹ̀ sí i, títí ojú lásán yóò fi rí àmì rẹ̀. Ẹni tí ó rí i báyìí ti rí olè gan-an, kì í ṣe ẹsẹ̀ olè. Ọ̀nà yìí náà ní ìkù-díẹ̀-káàtó tirẹ̀. Nínú ẹni mẹ́wàá tí àìsàn náà ń ṣe ní tòótọ́, ó lè má hù nínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹni mẹ́rin, pàápàá bí wọ́n bá ti lo oògùn apakòkòrò kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà. Nítorí náà, "kò hù" kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú "kò sí". Síbẹ̀, nígbà tí ó bá hù, kò sí iyèméjì mọ́. Àǹfààní mìíràn sì tẹ̀lé e: wọ́n lè dán oògùn wò lórí kòkòrò tí ó hù náà, kí wọ́n mọ èyí tí ó lè pa á àti èyí tí kò lè pa á mọ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀nà méjèèjì pọ̀ tó èyí tí ó wà láàárín àhesọ àti ẹ̀rí. Gbólóhùn Yorùbá kan náà ni wọ́n sì fi ń jíṣẹ́ méjèèjì. Aláìsàn kò lè béèrè ohun tí kò ní ọ̀rọ̀ fún. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ìperí ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn Orúkọ tí Kò Bá A Mu

Ọ̀fìn kìíní tí olùtumọ̀ lè jìn sí ni títúmọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún àṣà ìbílẹ̀ àti fún kòkòrò tí a gbìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lò fún ilé-iṣẹ́ ìròyìn àti fún ohun tí a gbin kòkòrò sí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó tún ń lò fún ilẹ̀ tí àwọn amúnisìn gbà àti fún ọ̀pọ̀ kòkòrò tí ó ti ara ẹyọ kan ṣoṣo jáde. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbára lé ìwé atúmọ̀ nìkan yóò kọ nípa àṣà kòkòrò, yóò kọ nípa oníròyìn wọn, yóò sì fi ìjọba amúnisìn parí rẹ̀. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò fi àṣà bẹ̀rẹ̀. Inú èdè Látìnì ni ó ti yá ọ̀rọ̀ náà, níbi tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti jẹ́ oko ríro. Ẹni tí ó bá lo gbìn ní Yorùbá ti padà sí orísun tí Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò.

Ọ̀nà kejì ni yíyá ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú pè é ní mídíọ̀mù, kí a sì fi àmì ohùn sí i. Yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Sáyẹ́ǹsì, bakitéríà àti táífọ́ọ̀dù ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá rí orúkọ fún láti inú ìmọ̀ ara wa ni ó yẹ kí a yá orúkọ rẹ̀. Mídíọ̀mù kò sọ ohunkóhun fún ìyá tí ó wà ní Okota. Kò tilẹ̀ wúlò fún Yorùbá tí ó wà ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́ tàbí ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bìní olómìnira, nítorí pé Faransé ni wọ́n fi kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ tí Faransé sì ń lò túmọ̀ sí àárín. Bí olúkúlùkù bá yá ti ọ̀gá rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà kò ní gbọ́ ara wọn yé.

Ọ̀nà kẹta ni ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù, òun sì ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ dáhùn. Èyí ni àbá pé kí a pè é ní oúnjẹ kòkòrò. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ní àlàyé tí ó dára. Wọ́n ní nǹkan tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ oúnjẹ lóòótọ́: omi ẹran, ẹran tí a ti mú dà kí kòkòrò tó jẹ ẹ́, iyọ̀ àti ṣúgà. Wọ́n ní kò sí Yorùbá tí kò mọ oúnjẹ, pé kò sì sí èyí tí orúkọ náà yóò rú lójú. Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ibi tí ó kù sí ni pé oúnjẹ kò ju ìdá kan lọ nínú iṣẹ́ mẹ́ta tí ohun yìí ń ṣe. Ìtàn bí wọ́n ṣe ṣe é ni yóò fi ìdá méjì yòókù hàn.

Láti Ilé Ìdáná Dé Yàrá Àyẹ̀wò

Ní ìbẹ̀rẹ̀, inú omi ẹran ni àwọn onímọ̀ ti ń gbin kòkòrò. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé gbogbo irú kòkòrò tí ó bá bọ́ sínú omi náà ni yóò dàpọ̀, tí kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí ó fa àrùn. Robert Koch, onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì, rí i pé bí ojú ibi tí a gbé kòkòrò sí bá le, kòkòrò kan kò ní lè ṣàn lọ bá èkejì. Níbi tí ẹyọ kan bá bọ́ sí ni yóò ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì dì mọ́ ọn títí wọn yóò fi di òkìtì kékeré tí ojú lè rí. Ó kọ́kọ́ lo ọ̀dùnkún tí a là sí méjì. Lẹ́yìn náà ó lo jẹlátíìnì, èyí tí a ń sè láti inú egungun àti awọ ẹran. Ní ọdún 1881 ó fi ọ̀nà náà han àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n jẹlátíìnì ní àléébù. Kí ooru tó tó ìwọ̀n 30 ti Celsius ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n 37, tí í ṣe ti ara ènìyàn, ni ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn fẹ́. Ní ilẹ̀ Jámánì, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni jẹlátíìnì máa ń yọ́ sórí tábìlì. Ní Èkó, ojoojúmọ́ ni ìbá máa yọ́. Obìnrin kan ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Fanny Angelina Hesse, ọmọ tí a bí ní New York tí ó sì fẹ́ Walther Hesse, ọ̀kan lára àwọn tí ó bá Koch ṣiṣẹ́, máa ń lo èròjà kan láti inú ewéko òkun láti fi mú kí oúnjẹ dì nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò tí wọ́n ti gbé ní erékùṣù Java rí ni ó ti mọ̀ ọ́n. Ágà ni à ń pè é. Ó ní kí ọkọ òun dán an wò. Ágà kì í yọ́ àfi bí ooru bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti omi híhó. Bí ó bá sì ti yọ́ tán, kì í dì títí yóò fi tutù dé nǹkan bí ìwọ̀n 40 tàbí kí ó dín díẹ̀. Bakitéríà púpọ̀ kò sì lè jẹ ẹ́. Ní ọdún 1882, nígbà tí Koch kọ̀wé lórí kòkòrò ikọ́ ife, ó mẹ́nu ba ágà, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu ba obìnrin náà. Ní ọdún 1887 ni Julius Richard Petri ṣe àwo pẹrẹsẹ tí ó ní ọmọrí, èyí tí a ṣì ń dà á sí títí di òní.

Kò sí olùkọ́ Yorùbá tí ó yẹ kí ó ṣòro fún láti ṣàlàyé èyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ ni àpẹẹrẹ rẹ̀. Nígbà tí ó wà lórí iná, ó ń ṣàn. Bí a bá pọ́n ọn sínú ewé tí ó sì tutù, ó di ohun tí ó lè dá dúró. Ibi tí ágà ti yàtọ̀ sí ẹ̀kọ ni pé a tún lè sè é kí ó yọ́ padà, àti pé kòkòrò tí ó bá bọ́ sórí ẹ̀kọ yóò jẹ ẹ̀kọ náà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bọ́ sórí ágà, ohun tí a pò mọ́ ágà ni yóò jẹ. Ágà kì í ṣe oúnjẹ kòkòrò rárá. Ohun tí ó gbé oúnjẹ náà dúró ni. Níbi yìí ni orúkọ náà, oúnjẹ, ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Àwọn ará Jámánì, tí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, kò sì pè é ní oúnjẹ. Nährboden ni wọ́n pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ilẹ̀ tí ń bọ́ ohun tí ó wà lórí rẹ̀.

Ilẹ̀ Kan Kò Gba Gbogbo Irúgbìn

Ìkọsẹ̀ kejì ni ó tóbi jù. Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ń gbin kòkòrò sí, wọ́n máa ń fi májèlé sí i. Wọ́n ń fi í sí i kí kòkòrò tí a kò wá má baà hù, kí ó lè ku èyí tí a ń wá nìkan. Ta ni ó ń se oúnjẹ fún àlejò tí ó ń fi májèlé sí i fún àlejò yòókù? Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí èyí yóò yà lẹ́nu. Ó ń ro oko, ó ń fa koríko tu, kí iṣu lè rí àyè. Ilẹ̀ tí a ti ro sílẹ̀ de irúgbìn kan pàtó ni ohun tí onímọ̀ náà ń ṣe.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta yóò tó. Alfred MacConkey, onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe èyí tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ó fi iyọ̀ inú òróòro sí i, èyí tí kì í jẹ́ kí kòkòrò tí kò mọ́ inú ìfun lára hù. Ó fi ṣúgà inú wàrà àti aró kan sí i pẹ̀lú. Kòkòrò ìfun tí ó bá lè lo ṣúgà yìí yóò mú un kan, aró yóò sì sọ ọ́ di pupa. Kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun kò lè lò ó, nítorí náà kì í ní àwọ̀. Àwo kan ṣoṣo ti yan èyí tí ó ń wá, ó sì ti fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Èkejì ni ti onígbáméjì. Àrùn yìí wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1970, ó sì dé Nàìjíríà kí ọdún náà tó parí. Ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ilẹ̀ tí a ń lò láti wá kòkòrò rẹ̀ nínú ìgbọ̀nsẹ̀ ni èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ṣe ní ọdún 1963. Àwọ̀ ewé ni ó ní. Ṣúgà ìrèké wà nínú rẹ̀. Níbi tí kòkòrò onígbáméjì bá hù sí, yóò mú ṣúgà náà kan, ibẹ̀ yóò sì di àwọ̀ ìyeyè. Èyí kò tíì parí àyẹ̀wò, nítorí pé àwọn kòkòrò kan tí ó bá a tan lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti sọ ibi tí ó yẹ kí a wò.

Ẹ̀kẹta ni ti ikọ́ ife. Ẹyin adìyẹ ni olórí èròjà ilẹ̀ tí Löwenstein àti Jensen ṣe fún un, pẹ̀lú aró aláwọ̀ ewé tí kì í jẹ́ kí kòkòrò mìíràn hù. Ó nílò irú ààbò bẹ́ẹ̀ nítorí pé kòkòrò ikọ́ ife lọ́ra púpọ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé mẹ́jọ kí ó tó hù, nígbà tí kòkòrò jẹ̀funjẹ̀fun ń hù lórí àwo láàárín ọjọ́ kan. Ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìṣègùn ní Yábàá, tí kò jìnnà sí Okota, ni ọ̀kan nínú àwọn yàrá àyẹ̀wò àgbà fún ikọ́ ife ní Nàìjíríà wà. Aláìsàn tí a bá sọ fún pé oúnjẹ ni wọ́n fún kòkòrò rẹ̀ yóò béèrè ìdí tí èsì fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé oúnjẹ kì í pẹ́ jẹ. Ẹni tí a bá sọ fún pé wọ́n gbìn ín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohun tí a gbìn ní àkókò tí ó fi ń hù. Àgbàdo kì í bá iṣu hù lọ́jọ́ kan náà.

Àwọn Àtakò

Àwọn kan lè ní kí a kúkú pè é ní ebè, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn ni ó ń kọ ebè, bí ọwọ́ ènìyàn ṣe ń se ágà. Àbá náà wuyì, ṣùgbọ́n ebè kì í ṣe omi. Àwọn ohun tí a ń gbin kòkòrò sí kò le tán. Ti inú ìgò tí a ń da ẹ̀jẹ̀ sí ń ṣàn. Ilẹ̀ ni ó gba méjèèjì. Yorùbá mọ ilẹ̀ olókè, ó sì mọ àkùrọ̀ tí omi wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀fọ́ sì ń hù níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A lè sọ pé ilẹ̀-ìgbìn líle, a sì lè sọ pé ilẹ̀-ìgbìn olómi, láìsí pé ọ̀kan ta ko èkejì.

Àwọn mìíràn lè ní kòkòrò kì í ṣe irúgbìn, pé ohun tí ó ní ẹ̀mí ni à ń sìn, a kì í gbìn ín. Sìn ìbá dára bí kòkòrò yìí bá jọ adìyẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀, tí a ń rí lọ́kọ̀ọ̀kan tí a sì ń kà. Kòkòrò tí à ń wí yìí kò ṣe é fojú rí títí yóò fi hù, bí irúgbìn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọ̀sìn ti wúlò ni fún àpótí tí a ń fi àwo náà sí kí ooru má baà kúrò ní ìwọ̀n 37. Adìyẹ ń sàba lé ẹyin rẹ̀ nítorí ooru ni. Nítorí náà àpótí-ìsàba ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́.

Àtakò kẹta ni pé ọ̀rọ̀ kò lè wo ibà. Gbígbìn gba àkókò, ó gba owó, ó sì gba iná mànàmáná tí kì í lọ, bẹ́ẹ̀ aláìsàn fẹ́ mọ èsì rẹ̀ kí ó tó kúrò níbẹ̀. Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìperí ra ẹ̀rọ amúnáwá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ pé ohun méjì ni ó wà lè yàn láàárín wọn, dókítà tí ó sì fẹ́ kí aláìsàn rẹ̀ dúró de èsì fún ọjọ́ mẹ́ta yóò rí ọ̀rọ̀ fi bẹ̀ ẹ́. Bí gbogbo ènìyàn bá ń gba oògùn jẹ̀funjẹ̀fun nítorí ṣọ́jà tí a rí nínú ìlú, ìgbà kan ń bọ̀ tí oògùn náà kò ní ran ẹni tí ogun wà nílé rẹ̀.

Ìmọ̀ tí Ó Wà Nílẹ̀

Kò yẹ kí a rò pé ìmọ̀ yìí jẹ́ àjèjì pátápátá sí Yorùbá. Ìyá oní-irú tí ó se irúgbà, tí ó bó èèpo rẹ̀, tí ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ ní ibi tí ó móoru fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, bakitéríà ni ó gbìn, bí kò tilẹ̀ rí wọn rí. Ẹni tí ó rẹ àgbàdo fún ògì àti ẹni tí ó fi ẹ̀gẹ́ sínú àpò kí ó kan fún gàrí ń ṣe ohun kan náà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ lórí irú oúnjẹ wọ̀nyí, títí dé ògì tí a fi sóyà kún.

Ọ̀pọ̀ nínú ìyẹ̀fun tí a fi ń se ilẹ̀-ìgbìn ní Nàìjíríà ni a ń rà láti òkè òkun, owó rẹ̀ sì ń gun òkè bí owó náírà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní yunifásítì ilẹ̀ wa ti gbìyànjú láti fi ohun tí ó ń so nílẹ̀ wa rọ́pò rẹ̀. Ìdánwò irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Àwo kan wà tí a kò gbin nǹkan kan sí. Bí ohunkóhun bá hù lórí rẹ̀, ilẹ̀ náà kò mọ́. Àwo kan wà tí a gbin kòkòrò tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí. Bí kò bá hù, ilẹ̀ náà kò dára. Ẹ̀wà, sóyà tàbí ẹyin, ìdánwò kan náà ni gbogbo wọn yóò là kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a rà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ́nu yóò lóye ìdánwò méjèèjì láìjẹ́ pé a há a fún un.

Àwọn Ìperí tí A Dábàá

Nígbà tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní ọdún 1970, ohun tí ó kọ́kọ́ di dandan ni ọ̀rọ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn yẹ fún irú ìtọ́jú kan náà. Àwọn wọ̀nyí ni a lè fi bẹ̀rẹ̀:

Gbìn: fífi ohun tí a gbà lára aláìsàn, bí ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ tàbí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, sí ibi tí kòkòrò inú rẹ̀ lè dàgbà sí.

Hù: kí kòkòrò tí a gbìn dàgbà tí ojú fi lè rí àmì rẹ̀.

Ilẹ̀-ìgbìn: ohunkóhun tí a sè tàbí tí a pò láti gbin kòkòrò sí, ìbáà le, ìbáà jẹ́ olómi.

Ilẹ̀-ìgbìn ọlọ́ràá: èyí tí a fi ẹ̀jẹ̀, ẹyin tàbí irú wọn kún, fún kòkòrò tí kì í hù lórí ilẹ̀ ṣákálá.

Ilẹ̀-ìgbìn aṣàyàn: èyí tí ó ń dènà kòkòrò tí a kò wá.

Ilẹ̀-ìgbìn aṣèyàtọ̀: èyí tí ó ń fi àwọ̀ tàbí àmì mìíràn ya kòkòrò kan sọ́tọ̀ sí èkejì.

Agboolé: òkìtì kòkòrò tí ó ti ara ẹyọ kan ṣoṣo jáde, bí àwọn ará agboolé ti jẹ́ ọmọ baba kan.

Àpótí-ìsàba: àpótí tí a ń fi ilẹ̀-ìgbìn sí kí ooru rẹ̀ má yí padà.

Ágà: èròjà ewéko òkun tí ó ń mú ilẹ̀-ìgbìn le.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí pè fún àkíyèsí kan. Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àbáláyé tí fáwẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ohùn òkè. Nítorí náà ágà fi ara rẹ̀ hàn gẹ́gẹ́ bí àyálò, kò sì ṣe é ṣì gbọ́ fún àga tí a ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n bí òǹkọ̀wé bá kọ̀ láti fi àmì ohùn sí i, ìjókòó ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé lé iná.

Ibi tí ó yẹ kí àwọn ìperí yìí ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ni ẹnu ẹni tí ń jíṣẹ́ èsì fún aláìsàn. Gbólóhùn mẹ́ta ni ó nílò ní ipò ẹyọ kan tí ó ń lò: "A gbìn ín, ó hù", "A gbìn ín, kò hù", "A kò gbìn ín, ọmọ-ogun ara nìkan ni a rí." Olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò lè fi wọ́n kọ́ni láàárín wákàtí kan. Akọ̀ròyìn rédíò lè lò wọ́n nígbà mìíràn tí onígbáméjì bá bẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì ti mọ́ ìyá tí ó wà ní Okota létí, kò ní pẹ́ kí òun náà tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mú ìwé lọ́wọ́ pé: "Ọmọ mi, ṣé ẹ gbìn ín?"